Afọ̀fun Ń Wá Ìyá Rẹ̀ Lójú Àlá

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Afọ̀fun. Ìfun màlúù ló ń fọ̀ ní odò ẹran. Kì í ṣe òun ló ń dúńbú, kì í ṣe òun ló ń tà. Àwọn tó ń dúńbú ní ọ̀bẹ, wọ́n sì ń rìn bí ẹni tó ní ọ̀bẹ. Àwọn tó ń tà ní owó. Afọ̀fun ní omi, ó sì ní ìgbẹ́ tí omi máa gbé lọ.

Bí wọ́n bá ti la inú màlúù, ohun tó bá dà sílẹ̀ ti di tirẹ̀. Á máa gbóná, á máa rú èéfín, á lọ́ mọ́ra bí ejò tó ń jà. Á máa rùn. Ẹ má rò pé òórùn tí èèyàn ń yínmú sí tó sì ń kọjá lọ ni. Òórùn tó ń sinni délé ni. Ó ń bá èèyàn jókòó ti oúnjẹ. Ó ń bá èèyàn wọ abẹ́ aṣọ ìbora. Ní títì, eṣinṣin ló máa ń kọ́kọ́ kí Afọ̀fun kí àwọn èèyàn tó kí i, àwọn tó bá sì kí i, òkèèrè ni wọ́n ti ń kí i.

Iṣẹ́ náà lọ́gbọ́n tirẹ̀. Ìfun kì í ṣe ohun à ń fipá fà. Ọ̀rá ló so ó mọ́ra. O máa wá orí rẹ̀ rí, o máa fi ìka méjì mú un, o máa fà á díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kejì á máa ya ọ̀rá kúrò. Bí o bá fi wàdùwàdù fà á, á já. Bó bá já, ìgbẹ́ á tú sára ẹran. Ọ̀gá á bú ọ, á tún ránṣẹ́ èébú sí bàbá tó bí ọ.

Ọgbọ́n kejì ni ti róòbù. Kí àwọn tó ń fọ ìfun tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, wọ́n á ti ki ìka bọ agolo róòbù, wọ́n á fi kun ihò imú méjèèjì títí ojú á fi ṣomi. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ayé ti di róòbù. Àwọn yòókù máa ń nu tiwọn kúrò bí wọ́n bá ṣíwọ́. Afọ̀fun kì í nù ún. Ó ń fi ṣiṣẹ́, ó ń fi jẹun, ó ń fi sùn. Ó ní imú tó ti gbọ́ tó báyẹn yẹ kó sinmi.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà òjò tó kọjá. Ẹsẹ̀ ló pa á. Egbò kékeré ni, ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà kò jẹ́ kó jinná. Egbò náà kẹ̀. Ó jẹ àtàǹpàkò, ó jẹ àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ. Bí Afọ̀fun bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé abọ́ omi, á tú aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, á fọ ohun tó bá rọ̀ mọ́ ọn, á tún un dì. Ìyá rẹ̀ á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọmọ mi, o fọ ìfun tán, o tún wá ń fọ ẹsẹ̀. Ìgbà wo lo máa fọ ojú ara ẹ?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, Màmá."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń bára wọn sọ ò ju ìyẹn lọ. Róòbù wà nímú rẹ̀. Ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, kò nílò ojú.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán ni àlá bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí. Àǹtí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àǹtí ni àbúrò ìyá rẹ̀, onídìrí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ìlarun rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà àìsàn yẹn, ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí máa ń dúró sí, á fi gèlè bo imú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o," á sì ti yí ẹ̀yìn padà kí pẹ̀lẹ́ náà tó délẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ti kú tán, ó wá di ẹni tí òkú ń bẹ̀ wò lemọ́lemọ́.

Ó pe àwọn ọmọ òkú jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Méjì péré ni wọ́n: Afọ̀fun, àti Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù.

"Mo tún rí wọn," Àǹtí ní. "Funfun báláú ni wọ́n wọ̀. Léèsì. Ara wọn ń dán. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì pé, wọ́n tún wọ bàtà gogoro."

"Màmá ò wọ bàtà gogoro rí," Afọ̀fun ní.

"Wọ́n ti wọ̀ ọ́ báyìí. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń rìn lọ́run ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, 'Àbúrò mi, yàrá mi tó kọjú sí títì yẹn, gbà á. Fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.'"

"Èmi náà rí wọn," Bọ̀ọ̀dá ní. "Wọ́n ní kí n máa gbé tẹlifíṣọ̀n."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?" Afọ̀fun bi í.

"Wọ́n nawọ́ sí i."

Itọ́ kún Afọ̀fun lẹ́nu. Ó wo àwọn méjèèjì, ó dà bíi pé ó ń wo eṣinṣin lórí ọ̀rá. Òkú wo ló ń pín ẹrù bí alágbàtà? Léèsì! Ìyá tó kú pẹ̀lú aṣọ búráwùn kan ṣoṣo lọ́rùn, tí bọ́tìnnì àyà rẹ̀ ti já, tó ní kí wọ́n má wulẹ̀ rán an mọ́!

"Ìwọ ńkọ́?" Àǹtí bi í. "Kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

"Mi ò tíì rí wọn."

"Ìwọ tó o wẹ ẹsẹ̀ wọn?"

"Mi ò kì í lálàá."

Àǹtí wo Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá wo ilẹ̀. Àǹtí wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ọmọdé. "Àfàìmọ̀ kí wọ́n má máa bínú sí ẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ Afọ̀fun lára. Ti yàrá kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan yàrá yẹn. Màá bi wọ́n fúnra mi."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Káfíńtà mi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ níbòmíràn. Kó tó dé, bi wọ́n. Bó bá dé tó ò tíì rí wọn, a jẹ́ pé èyí tí èmi rí náà la máa lò."

Báyìí ni Afọ̀fun ṣe di ẹni tó ń wá àlá kiri. Ẹni tí ò wá owó kiri rí!

Ọkùnrin àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní odò ẹran tó ń họ ṣàkì. Alálàá ni wọ́n ń pè é. Láràárọ̀, kó tó họ ṣàkì àkọ́kọ́, á ti ro àlá àná fún gbogbo ayé. Ó ní òun máa ń mọ̀ pé àlá ni nígbà tí òun ṣì wà nínú rẹ̀, òun a sì ṣe bó ṣe wu òun.

"Lánàá, mo gbá ọ̀gá létí," ó ní. "Mo wá rántí pé àlá ni. Mo tún un gbá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Afọ̀fun. Ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń rántí? Èmi ò kì í lálàá."

"Irọ́ ni. Gbogbo ẹni tó ń sùn ló ń lálàá. Ìwọ lò ń já tìẹ. Báwo lo ṣe ń jí?"

Afọ̀fun ṣàlàyé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ló sì ń sùn. Iléèwé kan wà lódìkejì títì. Bí agogo àjáde bá ti dún, tí àwọn ọmọ bá figbe ta, á fò dìde, ẹsẹ̀ á balẹ̀, omi á kan ojú.

Alálàá yọ ọwọ́ nínú ṣàkì. "Ìgbẹ́ ti tú. Wò ó, báwo lo ṣe ń fa ìfun?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Kí ló dé tó ò fò mọ́ ọn?"

"Á já."

"O ti wí i fúnra ẹ. Bó o bá jí, má ṣí ojú. Má yí ẹ̀gbẹ́. Bó o ṣe sùn gẹ́lẹ́ ni kó o wà, bí òkú. Má ro ibi iṣẹ́, má ro ohun tó o máa jẹ. Bi ara ẹ pé, kí ni mo ń ṣe kí n tó jí? Ohun tó bá kù, ì báà jẹ́ àwọ̀ kan, ì báà jẹ́ ẹ̀rù lásán, orí ìfun nìyẹn. Mú un. Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn? Fà á. Kí ló tún ṣáájú? Máa fà á bọ̀. Bó bá jáde tán, fi ẹnu ara ẹ rò ó síta kó o tó dìde. Àlá tí ẹnu ò bá rò, ojú ọjọ́ á gbẹ ẹ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Bó o bá fẹ́ sùn, sọ ọ́ fún ara ẹ: bí mo bá jí, màá rántí. Sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán ọmọ ẹ̀ níṣẹ́. Má bẹ̀ ẹ́. Rán an."

Afọ̀fun délé. Ó dùbúlẹ̀ ní yàrá ìyá rẹ̀, lórí fóòmù tí ìyá náà kú lé, ó fi róòbù símú, ó ní, "Bí mo bá jí, màá rántí." Agogo dún, ó fò dìde. Ó bú agogo. Lọ́jọ́ kejì, ó fò dìde. Lọ́jọ́ mìíràn, ó fi òwú di etí. Nígbà tí Alálàá gbọ́, ó ní, "Imú dí, etí dí. Ó ku ẹnu. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n sin ẹ́."

Ṣùgbọ́n òwú náà ṣiṣẹ́. Agogo dún bí ẹni pé ó wà nísàlẹ̀ kànga, Afọ̀fun kò sì mira. Ó wà bó ṣe wà, ojú dì. Kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ̀ ní àárín ìka rẹ̀. Kò fà á jù. Kí ni mo dì mú? Eyín ni. Eyín tí ó ti jẹrà. Níbo ni mo ti rí eyín? Inú ṣàkì ni. Ta ló ni eyín? Ó fi ahọ́n yẹ ẹnu ara rẹ̀ wò, nínú àlá náà, ẹnu náà ṣófo.

Ó jókòó, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ṣé ohun tó ń wá nìyí?

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jáde, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn. Ó lálàá pé òun ń jẹun, ohun tó wà nínú àwo jẹ́ koríko tí màlúù ti jẹ tó tún bì padà, òun ò sì lè ṣíwọ́, òun tún ń béèrè pé kí wọ́n fi kún un. Ó lálàá pé ẹ̀jẹ̀ dídì ti gọ́tà odò ẹran gun àtẹ̀gùn wá sílé, ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Ó lálàá pé Àǹtí wọ léèsì funfun, ìfun ń wọ́ tuurutu lábẹ́ léèsì náà, Àǹtí sì ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i bó ṣe bá mi lára mu?" Gbogbo rẹ̀ ló ń rò síta, ojú dídì. Alágbàfọ̀ tí wọ́n jọ pín ògiri wá kan ilẹ̀kùn.

"Afọ̀fun, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán gangan?"

"Ara mi."

"Ó dáa. Bá a sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Èmi fẹ́ jẹun, ẹ wá ń ka ìfun sí mi létí."

Ìyá rẹ̀ kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn. Afọ̀fun gbé ẹjọ́ lọ bá Alálàá.

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ohun tó wà nínú mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n máa gbàgbé. Àlá yín, ẹ̀ ń gbá ọ̀gá létí. Tèmi, mò ń jẹ ìgbẹ́."

Alálàá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Kànga tí wọn ò fà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gòkè. Kò tíì mọ́ ni."

"Màmá mi ò sí níbẹ̀."

Alálàá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ọwọ́. "O wá ti ń rántí. Ìpìlẹ̀ nìyẹn. Èyí tó kù ni kó o mọ ibi tó o wà nígbà tó o bá wà níbẹ̀. Bó o bá mọ̀ pé àlá ni, wàá lè dúró, wàá lè wo ẹni tó wà níwájú ẹ, wàá lè bi í léèrè. Bó ò bá mọ̀, gbogbo ohun tó bá ń kọjá ló máa gbé ẹ lọ."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀?"

"Láti ojú ayé ni wàá ti kọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà tó o bá rántí, dúró, bi ara ẹ: àlá rèé àbí ayé? Má ṣe é gbẹ́fẹ́. Kó o wá gbóòórùn ọwọ́ ẹ. Bó bá ń rùn, ayé ni. Èmi ti ń lálàá ibí yìí tipẹ́tipẹ́, ọwọ́ mi ò rùn níbẹ̀ rí. Ohun tó bá ti mọ́ni lára lójúmọmọ máa ń bá ni wọ oorun. Lọ́jọ́ kan, wàá gbé ọwọ́ símú lójú àlá, kò sì ní rùn."

Afọ̀fun gbé ọwọ́ tí ìgbẹ́ kún bámúbámú. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ́ wẹ́lẹ́.

"Kò rùn."

"Báwo ni kò ṣe rùn?"

"Róòbù ni mo gbọ́."

Alálàá wò ó. Ó wo gbogbo àwọn tó ń fọ ìfun, wọ́n ń dán nímú bí ajá. Òun nìkan ni kì í fi símú níbẹ̀, ìdí tí wọ́n sì fi ń pè é ní wèrè nìyẹn kí wọ́n tó máa pè é ní Alálàá. "Nígbà náà, o ò ní mọ ayé yàtọ̀ sí àlá láéláé. Nu kiní yẹn kúrò."

Afọ̀fun nù ún kúrò.

Ẹ wò ó, ó ti lé ní ọdún mélòó kan tó ti wà ní odò ẹran, kò mọ̀ pé òun ò tíì dé ibẹ̀ rí. Òórùn náà gbá a lójú bí ẹ̀ṣẹ́. Ó rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀pọ̀ ni. Ti ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó dùn díẹ̀, dídùn rẹ̀ ló sì burú jù. Ti ìfun ńlá dà bíi koríko tó ti kú sínú omi. Òróòro ń ta èèyàn ní ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ àná ń rùn bí irin, ẹ̀jẹ̀ ìjẹta ò ṣeé fẹnu sọ. Ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó wá fọ èébì ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù.

"Ṣé o lóyún ni?" ọ̀gá bi í.

"Rárá, sà."

"Ta ló fún ẹ lóyún?"

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àwọn kan na agolo róòbù sí i, kò gbà á. Á fọ̀ díẹ̀, á dúró, á gbé ọwọ́ símú. Àlá rèé àbí ayé? Á rí ìdáhùn gbà kíákíá. Lójú títì, ó ń gbóòórùn ọwọ́. Níbi tó ti ń ra búrẹ́dì, ó ń gbóòórùn ọwọ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní, "Kí lò ń wá níbẹ̀? Ohun tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, ṣé òní ló dé ọ̀dọ̀ ẹ?"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe odò ẹran ló burú jù. Ilé ni.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ láìsí róòbù, ó gbé orí lé fóòmù, ó sì fò dìde. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Òórùn egbò yẹn. Ó wà nínú fóòmù, ó ti rin ín gbingbin láti ìsàlẹ̀, ó tutù, ó nípọn, bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ọmọrí. Ó ti ń sùn lé e lórí láti ìgbà òjò, kò mọ̀. Gbogbo àwọn tó bá wá kí i mọ̀. Òun nìkan ni kò mọ̀.

Ó gbé fóòmù dé ẹnu ọ̀nà láti jù ú nù. Kò lè jù ú. Ó gbé e padà. Ó tún gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Alágbàfọ̀ yọjú, ó fi aṣọ oníbàárà bo imú. "Bó o bá máa jù ú, jù ú. Kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé sínú oòrùn." Afọ̀fun gbé e wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó dùbúlẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá jí, màá rántí." Kò tètè sùn lọ.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, títí di ọjọ́ kan tó gbé abọ́ omi wọ yàrá lójú àlá.

Kò mọ̀ pé àlá ni. Ìyá rẹ̀ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ búráwùn ló wọ̀, bọ́tìnnì àyà ti já. Ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, egbò sì wà lára ẹsẹ̀. Kò sí léèsì, kò sí bàtà gogoro. Afọ̀fun kúnlẹ̀, ó gbé ojú sí ògiri bó ṣe máa ń ṣe, ó ń tú aṣọ egbò. Ọwọ́ rẹ̀ kan gòkè fúnra rẹ̀, ó lọ sí imú.

Kò rùn.

Kò sí ìgbẹ́, kò sí róòbù. Òfìfo ni.

Ó ní, "Àlá rèé." Yàrá náà mọ́lẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n bá nu fèrèsé. Ó rí èékánná ara rẹ̀, ó rí ìlà tó wà lára sìmẹ́ǹtì. Ayọ̀ sọ nínú rẹ̀. Alálàá ti kìlọ̀ fún un pé ayọ̀ máa ń jíni, kí ó di nǹkan mú. Ó di etí abọ́ mú. Ó ní ìbéèrè méjì. Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi? Ṣé lóòótọ́ lẹ fún Àǹtí ní yàrá? Ó ti kọ́ wọn lórí bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ó wo ìsàlẹ̀ kó tó béèrè. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Dúdú, àwọ̀ ewé, eegun funfun tó ń yọjú. Ṣùgbọ́n kò sí òórùn tó máa lé ojú rẹ̀ lọ sí ògiri. Ó wò ó dáadáa. Ó bu omi sí i, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Kò wò ó rí nígbà tó bá ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá náà fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Màmá, kí ló dé?"

"Omi yìí tutù."

"Ẹ̀n?"

"Ó ti máa ń tutù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mi ò kàn sọ ni. Ó ti rẹ ìwọ náà."

Agogo iléèwé dún nísàlẹ̀ kànga. Yàrá náà yọ́. Afọ̀fun kò fò. Ó wà bó ṣe wà, ojú dì, ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mú orí rẹ̀: omi yìí tutù. Ó fà á díẹ̀díẹ̀. Ètè. Eegun. Abọ́. Aṣọ búráwùn. Kò já. Gbogbo rẹ̀ jáde pátá. Ó rò ó síta fún ògiri, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, alágbàfọ̀ kò sì kan ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni ìríra dé, kì í sì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ilé tí wọ́n ní ìkòkò. Ilé tí wọ́n ní iná. Omi ẹ̀rọ ló ń gbé tààrà wá sórí egbò ìyá rẹ̀, ó ń wo ògiri, imú rẹ̀ ń ta yẹ́ríyẹ́rí. Ó jókòó, ó wo ọwọ́ méjèèjì.

Káfíńtà dé lọ́sẹ̀ yẹn, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí dúró sí ẹnu ọ̀nà, gèlè wà nímú rẹ̀.

"O rí wọn?"

"Mo rí wọn."

Ojú Àǹtí là. Kò retí rẹ̀. "Kí ni wọ́n wọ̀?"

"Aṣọ búráwùn."

"Kì í ṣe funfun?"

"Bọ́tìnnì ẹ̀ ti já."

"Kí ni wọ́n wá sọ nípa yàrá?"

"Wọ́n ní omi tutù."

"Omi wo?"

"Omi tí mo fi ń fọ ẹsẹ̀ wọn."

Àǹtí wo káfíńtà, ó tún wo Afọ̀fun. "O rí ìyá ẹ lójúkojú, omi lẹ jọ ń sọ? O ò bi wọ́n?"

"Mi ò bi wọ́n. Àǹtí, àlá tiyín yẹn, ṣé ẹ wọlé tọ̀ wọ́n ni, àbí ẹnu ọ̀nà náà lẹ dúró?"

Gèlè kò kúrò nímú Àǹtí. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ òun dúró sí.

"Ẹ gba yàrá," Afọ̀fun ní. "Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n."

Káfíńtà wọlé. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó di imú mú. Ó ní, "Màdáámù, ẹ má bínú. Ẹran kan kú síbẹ̀."

"Fóòmù yẹn ni," Àǹtí ní, jẹ́jẹ́. "Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ju fóòmù yẹn nù."

"Fóòmù ń bá mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn," Afọ̀fun ní. Ó ká a, ó gbé e lérí, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ ògiri kó má baà kàn wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rò ó fún Alálàá. Alálàá gbọ́ ọ dé òpin, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"O mọ̀ pé àlá ni?"

"Mo mọ̀."

"O ò fò lókè? O ò jẹ adìyẹ odindi? O ò gbá ẹnikẹ́ni létí?"

"Mo fọ ẹsẹ̀."

"Háà! Lójúmọmọ, o fọ̀. Lójú àlá, o tún fọ̀. Ta ló gégùn-ún fún ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó gbé ṣàkì rẹ̀. "Ṣé wọ́n ń bínú?"

"Wọn ò sọ ọ́."

"Ṣé wàá tún lọ?"

Afọ̀fun ki ọwọ́ bọ inú ìfun tó ṣì ń gbóná. Òórùn náà gbá a lójú. Ayé ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, lórí fóòmù tó ń rùn, imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó fi òwú di etí. Kò sọ pé òun máa rántí mọ́. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rántí. Ọ̀rọ̀ tuntun ló fi rán ara rẹ̀ níṣẹ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ, títí oorun fi gbé e lọ.

"Bí mo bá rí Màmá, màá kọ́kọ́ gbé omi kaná."